Ọjọ́ Tí Àwọn Tí Ara Wọn Le Kún Ilé Ìwòsàn

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kan ìdí. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kó nà án, ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dókítà Rafíkà ni mo fẹ́ sọ, obìnrin tó rẹ̀ títí, tí àárẹ̀ gan-an ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi.

Lórí òkè wa, nítòsí Kef ní ilẹ̀ Tùnísíà, ilé ìwòsàn ìjọba kan ṣoṣo la ní. Láyé ìgbà kan, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí èrò fi ń kún orí bẹ́ńṣì ibẹ̀. Aboyún o, ẹni tí ibà mú o, ẹni tó kàn fẹ́ gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà o, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn. Oòrùn á kan àtàrí, wọn ò ní tíì rí dókítà. Orin ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú:

Bẹ́ńṣì o, tú mi sílẹ̀ o,
Adìẹ mi ń ké nílé.
Bẹ́ńṣì o, tú mi sílẹ̀ o,
Ìyẹ̀fun mi ti wú ju abọ́.

Ìjọba wá fún Rafíkà lówó ìwádìí, kó wá ọ̀nà tí aláìsàn kò fi ní máa fi odindi ọjọ́ ṣòfò kó tó rí ìtọ́jú. Rafíkà fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń béèrè, ó ń wò. Ó fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀ tirẹ̀. Ó la ilẹ̀kùn kejì sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ẹni tó fẹ́ gba oògùn nìkan gbà á níbẹ̀ kó máa lọ. Bí bẹ́ńṣì ṣe ṣófo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó ìwádìí náà ti ń tán lọ, ọ̀gá kan sì ń bọ̀ láti Tùnísì, olú ìlú wa, wá wo iṣẹ́ náà. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó á tún wá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Beya, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi owó náà sanwó fún, á lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn kejì, kálukú á sì padà sórí bẹ́ńṣì.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ń bọ̀, Rafíkà sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Páà! Èrò kún inú ilé bíi sàdíìnì inú agolo.

"Beya! Kí ni mò ń rí yìí?"

Beya káwọ́ lérí. "Ẹ bá mi wò ó, Dókítà. Mo ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n ní ṣé bàbá mi ló kọ́ ilé ìwòsàn ni."

Màmá Hadda, arúgbó orí òkè, gbé ìkòkò kan lé itan. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ ṣe rí bí ewé tí wọ́n gbàgbé sóòrùn? A gbọ́ pé àlejò ẹ ń bọ̀. Ṣé kó wá bálé ní òfìfo, kó rò pé o ò léèyàn?"

"Màmá, òfìfo yẹn gan-an niṣẹ́ mi!"

"Hàà! Òfìfo? Ìjọba wá ń sanwó òfìfo?"

Ẹ̀rín sọ. Rafíkà ò tíì fèsì tí mọ́tò fi dúró níta. Ọ̀gá Lamjed wọlé, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Dókítà, ṣé bẹ́ńṣì tẹ́ ẹ ní ó ṣófo nìyí?"

Rafíkà há ara rẹ̀ sáàárín obìnrin méjì, ó jókòó. Ìdúró ti sú u. "Ó ṣófo lánàá."

"Kò síbi tí mo dé tí àná kì í dáa." Ọ̀gá yíjú sí Màmá Hadda. "Màmá, láti ìgbà wo lẹ ti ń dúró?"

"Ta ló ń dúró? Mo jókòó ni."

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ebi. Kí ló ń ṣe ìwọ náà?"

"Ó dáa, ta ló ń ṣàìsàn níbí?"

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọkùnrin kan ṣáà nawọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé sókè. "Èmi ni, àmọ́ wọ́n ti tọ́jú mi tán. Ẹran ni mò ń retí."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ìyá kan ti gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wọlé. Òwúrọ̀ abúlé tirẹ̀ ni. Beya mú un wọ yàrá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ mi," ni Màmá Hadda wí. "Láyé bẹ́ńṣì, ibí ni èmi àti Zina ìsàlẹ̀ odò ti máa ń pàdé. A jọ ń bú dókítà ni, ó sì máa ń dùn! Látìgbà tọ́mọ yìí ti lé wa, tí n bá gbé tíì kaná nílé, màá ti gba oògùn dé kó tó hó. Àmọ́ òwúrọ̀ abúlé tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ojú Zina ni mi ò rí mọ́. Wíwá tìẹ la fi ṣàwáwí pàdé lónìí."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá ọlọ́mọ ti jáde, oògùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Lamjed fi ojú sìn ín títí dé ìta. Zina bá dá orin, gbogbo wọn sì gbè é:

Bẹ́ńṣì o, o tú mi sílẹ̀ o,
Mo padà wá kí ọ.
Adìẹ mi ti dákẹ́ ariwo o,
Ó ti wà nínú ìkòkò!

"Owó á wá," ni ọ̀gá wí. "Kì í ṣe púpọ̀ o, Dókítà, ẹ má yọ̀ jù."

"Mi ò lágbára àtiyọ̀, ọ̀gá."

"Kí wọ́n fún àwa náà ní bẹ́ńṣì tí a ó máa ṣeré lórí rẹ̀," ni Màmá Hadda wí.

"Ìyẹn ò sí nínú ìwádìí, Màmá."

"Ẹ ṣèwádìí ẹ̀!"

Wọ́n ṣí ìkòkò. Kúskúsì, oúnjẹ àlìkámà ilẹ̀ wa, ń rú èéfín, adìẹ gùn ún lórí. Ọ̀gá jẹun títí ó fi tú bẹ́líìtì. Rafíkà náà jẹun, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Nígbà tó jí, wọ́n ti fi ìborùn bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kálukú ti yó, kálukú ti gbalé lọ. Ó wo bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òun nìkan ló kù lórí ẹ̀. Ó dìde, ó tọ́ òkèlè tó kù nínú abọ́ wò, ó sì gbọ̀nà ilé lọ.