Ọmọ Ọlọ Suwebat

Nígbà tí owó epo ń gun ìjọba, tí wọ́n ń fi iyanrìn ọ̀sà dí irà kí títì Badagry lè kọjá, kò sí ará Imeke tí kò rí nǹkan kó níbi òkìtì iyanrìn náà. Òkúta dúdú kan ni Suwebat rí ní tirẹ̀. Ó gùn tó apá ọmọdé, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì wúwo ju bí ó ṣe rí lọ. Ó fọ̀ ọ́, ó fi lọ ata, kò sì fọwọ́ kan ọmọ ọlọ mìíràn mọ́.

Suwebat ló ń se ọbẹ̀ ìṣínu fún mọ́ṣáláṣí lọ́dọọdún, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe kí ó tó kú. Kì í gbowó. Iyì rẹ̀ ló ń jẹ. Nurat tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ náà fẹ́ iyì yìí gan-an. Ọbẹ̀ Nurat kò burú, iyọ̀ nìkan ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Adédìran, olùkọ́ yunifásítì tó wá yẹ iyanrìn náà wò, yà bèèrè omi mímu. Suwebat ń lọ ata lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbàgbé òùngbẹ, ó lóṣòó ti ọlọ.

"Egungun ìhà ẹran lẹ fi ń lọ ata yìí, mà. Ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ débi pé ó di òkúta. Èèyàn kò tíì dé ayé nígbà tí ẹran náà kú."

"Irú ẹran wo?"

"N ò tíì lè sọ."

Ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé bí wọ́n ṣe ń dákẹ́?

"Ẹran tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ láyé ìgbà yẹn," ló wí.

Nurat tó ń gbálẹ̀ ní òdìkejì dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti dé àárín Badagry pé egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni Suwebat fi ń lọ ata fún àwọn aláàwẹ̀. Lèmọ́mù Sirajudeen, èèyàn jẹ́jẹ́, ránṣẹ́ sí i pé kí ó sinmi ná. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé wọn kí oṣù tó lé, Nurat ni yóò sebẹ̀. Ó dun Suwebat wọra. Ó sunkún, ó nu ojú, ó sì gba ọ̀dọ̀ Adédìran lọ.

"Ọmọ mi, ìwọ lo tú ọ̀rọ̀ yìí síta. Wá kó o nílẹ̀."

Adédìran tijú. "Àfi ká rẹ́ ẹ sí méjì, mà, ká wo inú rẹ̀. Egungun ẹran orí ilẹ̀ máa ń ní ihò nínú bíi búrẹ́dì. Ẹran omi kan wà tí tirẹ̀ máa ń dì gbagidi, kí ó lè rì débi tí koríko rẹ̀ wà."

Suwebat gbá òkúta rẹ̀ mọ́ àyà. Ọmọ ọlọ tó bá ọwọ́ mu tó báyìí, níbo ni yóò ti rí òmíràn? Ó pẹ́ kí ó tó nà án sí i.

"Rẹ́ ẹ."

Iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti fi ayùn irin rẹ́ ẹ. Nurat ló dúró sí iwájú pátápátá, kí nǹkan kan má baà fò ó. Nígbà tí òkúta náà là, inú rẹ̀ dì, kò ní ihò kankan.

"Màlúù omi ni," Adédìran wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òkun ló wà níhìn-ín nígbà náà, òkun tí kò jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí koríko hù sí nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹko."

"Ohun tí òkun bí, ó tọ́ sí wa," ni Lèmọ́mù wí, ó sì wọlé lọ ṣàlùwàlá.

Suwebat wo ilẹ̀ tó dúró lé. Àánú ẹranko tó ń jẹko rẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn ṣe é. Ó fún Adédìran ní ìdajì kan kí ó gbé e lọ sí yunifásítì, ó mú ìdajì tó kù, ó sì ń ráhùn dé ilé pé ó ti kúrú jù.

Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, Nurat ló kọ́kọ́ na abọ́. Suwebat bu ọbẹ̀ fún un. Ó wá inú ìkòkò títí ó fi rí egungun tó tóbi jù, ó gbé e lé e lórí.

"Jẹ ẹ́, má bẹ̀rù," ló wí. "Eléyìí, mo mọ ẹni tó pa á."