Ilẹ̀ Tí A Kì Í Gbá Dànù

"Ta ló gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi?"

Bàbá Gbàdàmọ́sí, alágbẹ̀dẹ wúrà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Rachel gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rò pé baba náà yóò dúpẹ́ ni, torí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í jókòó ti ìdọ̀tí lọ́dọ̀ àgbà.

"Èmi ni, Bàbá. Mo ní kí n bá yín tún ibẹ̀ ṣe."

"Ibo lo dà á sí?"

"Orí ààtàn ẹ̀yìnkùlé."

Baba náà ò pariwo. Ó na abọ́ kan sí i. "Lọ kó o padà wá, ìyàwó. Ogójì ọdún ni mo ti ń rọ wúrà, mi ò da ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí nù rí. Tí ọdún bá parí, mo máa ń sun ún, mo máa ń fọ̀ ọ́, wúrà tó ti ta sílẹ̀ lẹ́nu fáìlì tí mo fi ń ha á á sì jáde."

Simeon, ọkọ Rachel, rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí. Rachel ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ààtàn, ó ń fọwọ́ kó erùpẹ̀, àmọ́ ilé ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó ti bẹ ọlọ́mọlanke kan pé kó wá ní aago mẹ́rin, kó wá kó àpótí mẹ́ta tó wà ní yàrá Simeon lọ dànù. Simeon ò mọ̀. Ìdí tí Rachel fi tẹ̀ lé e wá nìyẹn, kó lè dá a dúró síbí títí ọmọlanke yóò fi lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni Simeon fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìntì ní 1986. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wá, òun ló tọrọ èyí tí wọ́n tú dànù, tó kó o sínú àpótí mẹ́ta náà. Láti ìgbà náà, ó ti tó ọdún méjì tó ń jókòó ti pílásì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń gé àwọn irin tín-ín-rín tí wáyà ń wọ̀ sí. Ó ní wúrà wà lára wọn. Àwọn ìyá ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ara baba yá. Ẹ̀rù ń ba Rachel alára pé orí ọkọ òun ti fẹ́ dàrú.

Bàbá Gbàdàmọ́sí da agolo irin kan tí Simeon gbé wá sínú abọ́ gíláàsì ní ẹ̀yìnkùlé. "Wúrà inú tẹlifóònù," ó ní. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò tíì dán wò, mi ò ní pè é ní irọ́. Ẹ sún sẹ́yìn."

Ó da ásíìdì sí i. Èéfín pupa rú sókè, abọ́ náà ń hó, omi inú rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé bí omi ewúro. Wọ́n dúró lókèèrè títí èéfín fi lọ. Gbogbo irin náà ti yọ́ tán. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe Rachel débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Ni baba náà bá fi ọ̀pá gíláàsì rò ó.

Wúrà gbéra nísàlẹ̀ abọ́. Ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Irin inú ti yọ́ lọ, awọ wúrà tó bò ó ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì gbọọrọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ń yí po nínú omi ewúro náà, oòrùn ń ta sí wọn lára.

"Sùbùhánáláhì," ni baba náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ogójì ọdún."

Rachel ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀. Irú ẹ̀rù tó máa ń bà á tí ṣọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́ rọ́rọ́ ló bà á.

"Nígbà tí Helen wa bímọ l'Ékòó," Simeon wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "orí ìyẹn ni ohùn rẹ̀ gbà kọjá dé ọ̀dọ̀ wa."

Rachel gbójú sókè. "Aago mélòó ló lù?"

"Ó kù díẹ̀ kó lu mẹ́rin."

Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sáré.

Àpótí méjì ti wà lórí ọmọlanke nígbà tó délé. "Sọ̀ wọ́n kalẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kó wọn dànù."

"Èmi ni. Sọ̀ wọ́n kalẹ̀."

Nígbà tí Simeon dé, tòun ti ẹyọ wúrà kan tí Bàbá Gbàdàmọ́sí yọ́ pọ̀ fún un, tí kò tó hóró ẹ̀wà, nínú bébà, àpótí kan ṣì wà lójúde. Ó wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n wá kó wọn," Rachel wí. "Mo rò pé orí yín ti fẹ́ dàrú ni. Ẹ má bínú, Bàbá Helen."

Simeon ká bébà náà mọ́ wúrà náà. "Èmi náà máa ń rò bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn," ó ní.

Wọ́n jọ gbé àpótí náà wọlé. Rachel mú ìgbálẹ̀, ó gbá abẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó kó àgékù wáyà àti erùpẹ̀ jọ, ó gbé e dé etí gọ́tà. Ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó wá agolo mílíìkì kan tó ṣófo, ó dà á sínú rẹ̀, ó sì dé e.