Ẹsẹ̀ Tí Mùjídàt Fi Òsì Gbà

2.

…bẹ́ẹ̀ ló ṣe tún dùbúlẹ̀ sórí máàtì lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìhà òsì kan náà ni.

(Ìkíní ti sọnù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

3.

Mùjídàt, ọmọ Igbó-Ọrà, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìjà tí wọ́n ń pè ní MMA ló ń jà, èyí tó kó ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀ sójú kan. Ó mọ ẹ̀ṣẹ́ í jù. Ó mọ ìjàkadì. Ìpá ni kò mọ̀ ọ́n gbà.

Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta á nípàá, ìhà òsì rẹ̀ ni ìpá ń bọ̀. Ọwọ́ òsì ló yẹ kó fi há ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ìhà. Mùjídàt á na ọ̀tún kọjá àyà, ojú rẹ̀ á wà ní gbangba, ẹ̀ṣẹ́ á sì bá ojú nílé.

4.

KÓÒṢÌ ÀYÁNDÈJÌ: Ọwọ́ òsì rẹ dà?
MÙJÍDÀT: Ó wà níbí, sà.
KÓÒṢÌ: Kí ló ń ṣe níbẹ̀?
MÙJÍDÀT: Ó ń ronú, sà.
KÓÒṢÌ: Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?
MÙJÍDÀT: Ìyá tó bí bàbá mi.
KÓÒṢÌ: Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?
MÙJÍDÀT: Ọmọ orógùn.

5.

Àwọn ohun tí a kì í fi òsì gbà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Mùkáílà, ìyá àgbà Mùjídàt, ṣe là á sílẹ̀:

oúnjẹ
omi
Kùránì
ọmọ ọlọ́mọ
ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá fi ránṣẹ́ síni

Ìpá náà, ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́.

6.

Ohùn Ìyá Mùkáílà, lórí Wasáàpù, sí Mùjídàt, tó ń fi oríkì pè:

«Àjíkẹ́, èmi ni o. Ṣé o jí dáadáa? Wọ́n ní Sátidé ni ìjà yẹn, ní Èrúwà. Mo ti bá àǹtí rẹ ní Lánlátẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti nu ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sílẹ̀ dè ọ́. Bí o bá borí, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Bí wọ́n bá nà ọ́, o máa lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn. Mò ń bọ̀ wá wò ó. Má dójú tì mí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o.»

7.

Mùjídàt gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rù bà á. Aṣọ rírán kò burú, kò kàn wù ú ni.

8.

Ìwé kóòṣì:

Ajé. Mo ní kó fi òsì gba omi. Ó gbà á. Ó bẹ̀ mí.
Ìṣẹ́gun. Fi òsì gba bàtà. Ó gbà á. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí.
Ọjọ́rú. Ó bẹ bàtà.
Ọjọ́bọ̀. Ìpá. Ọ̀tún ló nà.
Jímọ̀. Èmi ni mò ń bẹ Ọlọ́run báyìí.

9.

ÌKÌLỌ̀ LÁRA ÒGIRI GBỌ̀NGÀN

O lè mú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ta ọ́ nípàá.
O lè gbá ẹsẹ̀ kejì kúrò nílẹ̀.
O kò gbọdọ̀ di ṣòkòtò ẹni tí ò ń bá jà mú.
Bó bá ti ṣubú, o kò gbọdọ̀ ta á nípàá lórí.

*(Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sísàlẹ̀: Ṣé a lè kí i?)*

10.

Sátidé. Ọmọ́ṣọlá ti Èrúwà ni wọ́n pè síta láti bá a jà. Ó fi ọdún méjì ju Mùjídàt lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì mọ ojú àlejò.

Ìpele kìíní: ìhà òsì.

Ìpele kejì:

ìhà òsì.

11.

Ìpele kẹta, èyí tó kẹ́yìn. Ìpá dé. Ọwọ́ òsì kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbà á.

Fóònù ẹnì kan nínú èrò ká ohùn wọn sílẹ̀:

MÙJÍDÀT: Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni.
ỌMỌ́ṢỌLÁ *(lórí ẹsẹ̀ kan)*: Kò burú.
RẸFIRÍ: Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ jà!
*(Ọmọ́ṣọlá fi ẹsẹ̀ kan náà fò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.)*
ÌYÁ MÙKÁÍLÀ *(láàárín èrò)*: Àjíkẹ́! Ta ló ní kó o máa bẹ̀bẹ̀? Dì í mú!
MÙJÍDÀT: Òsì ni, Màmá!
ÌYÁ MÙKÁÍLÀ: Ṣé ojú mi fọ́ ni? Gbá èyí tó kù!

12.

Ó gbá a. Ọmọ́ṣọlá jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní àga. Agogo lù.

1.

(Mo ti rí i.)

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan na ọwọ́ òsì gba àkàrà. Ọmọ orógùn balẹ̀ lórí ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà gbé ọmọ pọ̀n, ó sì sunkún ju ọmọ lọ.

13.

Àwọn adájọ́ ṣì ń kọ̀wé. Rẹfirí dúró láàárín, ó di ọwọ́ òsì Mùjídàt mú, ó di ọwọ́ ọ̀tún Ọmọ́ṣọlá mú. Kò tíì gbé ìkankan sókè.

Láàárín èrò, Ìyá Mùkáílà ti gbé tirẹ̀ sókè.

Òsì ni.