Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ògúnjìmí

Nọ́ọ̀sì Islamiat wọn ìfúnpá Moróunkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, igba ó lé mẹ́wàá ni ẹ̀rọ kà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè dìde.

"Mọ́mì, ẹ ò lo oògùn tó ń mú yín tọ̀."

"Mò ń lò ó ní Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè nìkan? Iyọ̀ ń di omi mú sí yín lára, mà. Omi ọ̀hún ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ọkàn yín ló sì ń fi tipátipá tì í kiri. Oògùn yẹn ló ń bá yín da àpọ̀jù rẹ̀ nù. Tẹ́ ò bá lò ó lójoojúmọ́, rọpárọsẹ̀ ò jìnnà."

Kí ni Moróunkẹ́ yóò sọ? Pé abilékọ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tó ti ń ṣe fọ́tókọ́pì l'Ágbowó fún ọdún mọ́kànlá, ń tọrọ àyè kó tó tọ̀? Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọrùn Ògúnjìmí onílé ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló sì fàyè gba ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí omi má baà tán. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn, ògiri ẹ̀yìn ilé ti tó wọn. Ta wá ni òfin yìí dè, bí kò ṣe obìnrin? Inú bí i sí Ògúnjìmí, ṣùgbọ́n èyí tó bí i sí ara rẹ̀ ló pọ̀ jù, nítorí òun náà ló gbà bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi oògùn sílẹ̀ nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà Ògúnjìmí, ó jókòó, ó sì fi píọ̀wọ́tà gbé hóró kan mì níṣojú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Oògùn ìtọ̀ nìyẹn. Màá nílò kọ́kọ́rọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lónìí."

"Òfin lòfin, Ìyá Bọ́láwárìn. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì yín ló fẹ́ pa mí. Mi ò dìde níbí."

Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì wá bá Moróunkẹ́ níbẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ náà fún wọn láìbo ohunkóhun. Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, ó na ọwọ́.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n ka èyí tán."

Moróunkẹ́ ò bẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ gba ara àga rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ṣàn lórí táìsì, ó dé abẹ́ sálúbàtà Ògúnjìmí, bàbá náà sì fò dìde. Ojú ti Moróunkẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Bàbá," ló wí.

Ògúnjìmí bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn.