Àárín Aṣọ Ìyá Wọn

Wìrìrì, kẹ́. Wìrìrì, kẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, tí àwọn ọmọdé ilé ṣì ká jọ sórí ẹní, òkúta tí bàbá wọn fi fa òwú òfì rẹ̀ le á máa wọ́ bọ̀ lórí yanrìn díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ ti ń gùn sí i tí bàbá sì ń ká a sí itan. Òkúta náà jókòó sórí pákó pẹlẹbẹ kan ní ìpẹ̀kun àgbàlá lọ́hùn-ún, òwú sì nà láti ibẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ bàbá bí ọ̀nà tóóró. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lórí ẹní lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Tí ìró yẹn bá dákẹ́ tó sì pẹ́ tí kò tún dún, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ara wọn lẹ́nu. Bàbá ti dé àárín aṣọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti di arúgbó báyìí, òkun sì ti wà láàárín òun àti àgbàlá náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Bàbá Olófì ni àwọn ará ilé tí wọ́n jọ wà nílẹ̀ àjèjì ń pè é. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju bó ti ń jẹ́wọ́ lọ. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun kọ́ o. Títún aṣọ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀: kó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, kó pààrọ̀ síìpù, kó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìgbéyàwó tí ìyàwó ti sanra jù fún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún débi pé oníbàárà méjì kò lè dúró níbẹ̀ kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn ará ilé máa ń gba gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, wọ́n á pàtẹ oríṣiríṣi nǹkan ìbílẹ̀ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè rí i. Òun á gbé òfì rẹ̀ kékeré lọ. Àwọn ọmọ á tò yí i ká, á hun aṣọ tó gùn tó apá kan fún wọn, àwọn ìyá á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì á tú u palẹ̀, á ká òwú rẹ̀ jọ de ọdún tó ń bọ̀.

Ó ní aṣọ kan tí wọ́n ń hun nílé wọn tó yàtọ̀ sí gbogbo aṣọ. Ẹni tó bá darúgbó ni wọ́n ń hun ún fún, ọwọ́ ọmọ ilé ló sì gbọ́dọ̀ hun ún. Wọn kì í wọ̀ ọ́ ròde. Inú àpótí ló ń wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé, wọ́n á wá fi wé ẹni náà lọ sínú ilẹ̀. Dúdú àti funfun lásán ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò lè hun ìyẹn. Àárín rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òwú pupa kan ni wọ́n ń fi ìka ṣà wọ inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ní ọ̀nà kan tó jẹ́ tilé wọn nìkan. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ hun ti bàbá wọn kó tó rìnrìn àjò. Òun ló ṣe àárín rẹ̀, òun náà ló sì di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú tó fi kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá kú, aṣọ náà bá a lọ, bí ti bàbá àgbà ti bá bàbá àgbà lọ. Kò sí ẹyọ kan rẹ̀ tó kù lókè eèpẹ̀.

Ti ìyá wọn nìkan ni kò tíì sí. Àbúrò rẹ̀ ìbá ti hun ún tipẹ́, màmá ni kò gbà. Àkọ́bí òun ló máa hun tòun, ó ń bọ̀ wálé. Àkọ́bí ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ojú àbúrò fi ṣókùnkùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ojú mi ti lọ pátá," ni àbúrò rẹ̀ wí lórí fóònù. "Mò ń rí ìmọ́lẹ̀, mi ò rí òwú. Màmá wá ní kí n bi yín léèrè aṣọ àwọn."

"Aṣọ wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé aṣọ wo."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mò ń bá ẹ ṣeré ni. Èmi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Olófì níbí? Ìgbà tí mo bá parí ẹ̀, màá fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé."

Màmá ti gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò. Ohùn wọn ti fúyẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Ọkọ mi, tilé wa ni o. Mi ò fẹ́ ti ọjà. Kí bàbá yín má lọ wò mí lọ́hùn-ún kó ní ta ni màmá yìí."

"Tilé wa ni, Màmá."

"Ṣé o ṣì mọ̀ ọ́n?"

"Ọwọ́ mi ò lè gbàgbé ẹ̀."

"Ìwọ kọ́ lo máa gbàgbé," ni màmá wí. "Mo mọ̀ pé o ò ní jẹ́ kí n fi ìhòòhò lọ."

Òfì kékeré tó ń gbé lọ sí ìpàtẹ kò gba irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà ó kan òmíràn pẹ̀lú pákó bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan gbé sọ nù. Ibi tí òwú á nà sí ló wá di wàhálà. Yàrá rẹ̀ kò gùn tó. Alábòójútó ilé tó háyà yàrá sí, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ń sọ ọ́ di oníbàárà lọ́dọọdún, ló ṣílẹ̀kùn abẹ́ ilé fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà níbẹ̀ láàárín àwọn yàrá tí àwọn ayálégbé ń kó ẹrù sí. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti bàjẹ́ ló gbé karí pákó láti fi ṣe òkúta. Bó ṣe ta òwú tán, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó so ó, ó tún já. Páìpù omi gbígbóná tó gba òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá ló ń mú un gbẹ bí èèpo. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé kì í ṣe aápọn ló ń jí bàbá wọn, ìrì tó ń mú òwú tutù ni. Ó rẹ àwọn táwẹ́ẹ̀lì sómi, ó fi wọ́n kọ́ yí òwú ká.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń wa bọ́ọ̀sì, yà wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ibẹ̀ yíká.

"Bàbá, ṣé ẹ ń hun aṣọ ni àbí ẹ ń fọṣọ?"

"Wá di ibí yìí mú, aláwàdà."

Ó dì í mú. Ìgbàkigbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń yà, á jókòó sórí báàgì rẹ̀, á máa so òwú tó bá já, á máa sọ ohun tí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ṣe. Inú bàbá rẹ̀ dùn dé ibi tó fi ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá ń lọ, ó ń bọ̀, funfun ń tẹ̀lé dúdú. Aṣọ kọjá ìwọ̀n apá kan, ó kọjá ibi tó máa ń dúró sí lọ́jọ́ ìpàtẹ, ó ń lọ.

Ó wá dé àárín. Ó gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó mú òwú pupa, ó na ìka sáàárín òwú bí bàbá wọn ti í ṣe. Ìka náà dúró.

Ó kọ́kọ́ rò pé ó rẹ òun ni. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn, ó mu omi, ó tún jókòó. Ìka kò lọ síbì kankan. Ó mọ̀ pé apá òsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó máa ń pín níbì kan kó tó padà pàdé. Ó rántí bí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti gbóná lórí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, àní ó rántí òórùn ara rẹ̀. Èyí tó kù kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀ tó bá ògiri níbi tí ilẹ̀kùn wà.

Ó jókòó síbẹ̀ títí táwẹ́ẹ̀lì fi gbẹ. Ohun tó ń ṣe láti gbogbo ọdún yìí wá ń hàn sí i, kò sì fẹ́ wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ ló ń hun. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń hun, òun ló ń tú, òun náà ló ń tún hun, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tíì dé àárín rí láti ìgbà tó ti kúrò nílé.

Nígbà tó pe àbúrò rẹ̀, kò kí i dáadáa.

"Sọ àárín fún mi."

"Kí n sọ kí ni?"

"Àárín aṣọ. Òwú wo la kọ́kọ́ ń gbé?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fi afọ́jú ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀. Ṣáà sọ ọ́."

Ẹ̀rín náà kú. "Ẹ gbé mẹ́ta, ẹ fo... ẹ fo méjì. Rárá, ẹ dúró." Ó ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ti ń fi ìka ha orúnkún ara rẹ̀. "Ẹ gbé méjì. Háà. Tí mo bá wà nídìí òfì, ọwọ́ mi á ṣe é. Ẹnu mi ni ò mọ̀ ọ́n."

"Jókòó sídìí òfì nígbà náà. Kí ẹnì kan ta òwú sí i fún ẹ, kó máa wo ọwọ́ ẹ, kó máa sọ fún mi."

"Òfì wo?"

"Ti Bàbá."

"Ti Bàbá kẹ̀? Ikán ti jẹ ẹ́ tán, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó kù níbẹ̀, wọ́n ti fi dáná, kò sì sí òfì mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Mi ò kà á sí ni. Mo ní tiyín ṣáà wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé."

Ó fẹ́ sọ pé òun náà, ilé lòun gbójú lé. Ó pa fóònù.

Ó gbìyànjú. Ó gbé mẹ́ta, ó fo méjì. Ohun tó jáde dà bí eyín tó wọ́. Ó tú u. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó tún tú u. Òwú pupa bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun, funfun sì ń dọ̀tí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wá gbogbo fọ́tò aṣọ tó wà lórí fóònù, ó ń tì í sí i lójú: ṣé èyí ni, ṣé èyí? Ó ń mi orí. Aṣọ àwọn ẹlòmíì ni gbogbo wọn.

"Bàbá, ẹ hun èyí tó bá ti wù yín," ni ọmọ náà wí níkẹyìn. "Ta ló máa mọ̀? Àbúrò yín tó wà nílé ò ríran."

"Màmá máa mọ̀. Wọ́n á fọwọ́ pa á."

"Tí wọ́n bá wá mọ̀ ńkọ́? Wọ́n á mọ̀ pé ẹ gbìyànjú."

"Wọn ò ní kí n gbìyànjú. Wọ́n ní kí n hun aṣọ."

Ọmọ náà so òwú kan tó já, ó rọra so ó, kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí la máa fi wé yín?"

Bàbá rẹ̀ mú òwú pupa, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òsì.

Ìpàtẹ ọdún yẹn bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò ní í lọ, alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá fi mọ́tò gbé e. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó hun ohun tó máa ń hun, àwọn ọmọ sì tò yí i ká. Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí wọ́n wo bàbá yìí dáadáa, pé níwọ̀n ìgbà tí bàbá yìí bá wà láàárín wọn, ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi lélẹ̀ kò lè run. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Ọmọbìnrin kékeré kan fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó bi í bóyá ó ti parí.

"Rárá," ni Bàbá Olófì wí.

"Ìgbà wo lẹ máa parí ẹ̀?"

Ìyá ọmọ náà ti fà á lọ́wọ́ kúrò nítorí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohùn tí àbúrò rẹ̀ gbà ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù. Màmá kò jẹun mọ́. Tí ẹnì kan bá fi omi kàn wọ́n lẹ́nu, wọ́n á mu díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ ni pé ṣé aṣọ ti kúrò lọ́dọ̀ àkọ́bí àwọn. "Bọ̀ọ̀dá, ó jọ pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé. Aṣọ náà wà lórí òfì, ó dúró síbi tó dúró sí, àárín rẹ̀ rí wúruwùru níbi tó ti tú u títí. Ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ń gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù láti fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ń pa á rẹ́. Ó kọ́kọ́ sọ pé aṣọ ń bọ̀ lọ́nà. Ó pa á rẹ́. Ó sọ pé ó kù díẹ̀. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Alábòójútó ilé gba ibẹ̀ kọjá, ó rọra gbé ẹsẹ̀ fo òwú, ó fi ọwọ́ kí i. Ó dúró títí ọkùnrin náà fi kọjá. Ìgbà tó tún gbà á, kò pa á rẹ́ mọ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Àbúrò mi, ẹ má dúró dè mí mọ́. Mo dé àárín, mi ò lè kọjá ibẹ̀. Ẹ wá aṣọ funfun, ẹ fi wé Màmá. Tí wọ́n bá ṣì ń gbọ́ràn, má sọ fún wọn pé ó ń bọ̀, má jẹ́ kí wọ́n máa wo ọ̀nà. Sọ fún wọn pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Aṣọ tìẹ náà, má fọkàn sí i. Tèmi náà, mo ti yọwọ́ níbẹ̀. Ó ti parí lọ́wọ́ wa."