Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Owó ọkọ̀ tí mo san lánàá ì bá gbé èmi àti Kofi yí Kumasi ká lóṣù kan, nígbà tí a jẹ́ ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Mọ́mọ́nì níbẹ̀. Lóru, mo wá lá àlá pé mo ń ṣe ìrìbọmi fún ìyá mi ní Kumasi. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ara gbọ́dọ̀ wọ inú omi pátá.

Kofi, tó ń ṣe ẹlẹ́rìí, pariwo bí àwa míṣọ́nnárì ṣe ń pe ara wa: "Alàgbà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn yọ síta! Tún un ṣe!"

Mo tún un ṣe. Àtàǹpàkò náà tún yọ, ó ti tóbi tó iṣu.

"Àjàní, jẹ́ kí n mí," ni ìyá mi wí.

"Tún un ṣe!"

Mo fi orúnkún tẹ iṣu náà rì, orí ìyá mi kò sì jáde mọ́. Mo ń fọwọ́ wá orí wọn nínú omi, n kò rí i, mo jí.

Ìyá mi ti lọ, Kofi náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù láyé.