Ẹ̀rọ Ìtúlẹ̀ Ìyá Aránṣọ

Ẹni tó bá bí bíríkìlà lọ́mọ, kó yáa mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò wo gbogbo ohun tí òun ní, tí yóò sì rí ibi tó yẹ kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí. Ìyá Aránṣọ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì nídìí. Òkìtì yanrìn kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló já a síbẹ̀. Ó fẹ́ pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, kó fi bo ọgbà náà láti ògiri dé ògiri, kí ilẹ̀ máa dán bíi pálọ̀.

Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wá kí ìyá rẹ̀, ó pè é títí, kò gbọ́ ohùn. Ìgbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó bá a tó nà gbalaja sáàárín ilá, ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń kọ ebè ni ẹ̀yìn ti mú un, kò sì lè dìde. Ìyá ní òun kàn ń wo kòkòrò ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà kò rín in. Ó gbé ìyá rẹ̀ wọlé, ó sì jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì ni yanrìn dé.

Ọgbà yẹn kì í ṣe ọgbà kékeré. Àgbàdo wà níbẹ̀, ilá wà níbẹ̀, tòmátì, ata àti ẹ̀wà kò gbẹ́yìn. Láti ìgbà tí ojú Ìyá Aránṣọ kò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tó ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́, ilẹ̀ yẹn ló ń jí sí. Bí wọ́n bá dà á ní kọnkéré, kí ni obìnrin tí kò jókòó lásán rí láyé rẹ̀ yóò máa fi ọwọ́ ṣe? Ìbéèrè yẹn ń dẹ́rù bà á ju ẹ̀yìn tó ń dùn ún lọ.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú àwọn méjèèjì.

"Ó dáa, Màmá," Bíríkìlà ní. "Ayé ti kúrò ní ayé ọkọ́. Ẹ lọ wá ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ lè dá lò láti ògiri yìí dé ògiri tọ̀hún, tí n kò ní fọwọ́ kàn án, ọgbà di tiyín, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n da kọnkéré mi."

"O ò ní yẹhùn?"

"N kò ní yẹhùn, Màmá."

Kí wọ́n tó kúrò nílé, àwọn méjèèjì wọn ẹnu ọ̀nà ọgbà, kálukú pẹ̀lú téèpù tirẹ̀: ìyá fi ti aránṣọ, ọmọ fi ti bíríkìlà. Iye kan náà ló jáde, wọ́n sì tún jiyàn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ oko, ìyá gbé téèpù kọ́rùn, ọmọ fi tirẹ̀ há ìgbànú, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wọn ara wọn.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí èèyàn sọ tí kì í fi gbólóhùn yẹn dáhùn. Ìyá nawọ́ sí ẹ̀rọ pupa kékeré kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Èyí fúyẹ́," ó ní. "Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í gbé ẹrù wúwo."

Abẹ ẹ̀rọ náà wà níwájú pátápátá. Kò ní táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, abẹ yẹn kan náà ló fi ń tú ilẹ̀, òun náà ló sì fi ń rìn. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń dán ẹ̀rọ wò. Bí abẹ ṣe kan ibi tó le, ẹ̀rọ náà fò sókè, ó sì wọ́ Ìyá tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo. Ọlọ́jà sáré pa á.

"Kò sí wàhálà, Màmá."

"Wàhálà wà," Ìyá ní, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e tóbi gan-an. Bíríkìlà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ohun tó bá ti ń pariwo máa ń wu àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dì í mú dé Ìyá láyà. Ó na téèpù rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀wù ẹlòmíràn rèé," ó ní. "Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé e wọ̀ tí kò ní wọ́ mi nílẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ náà wọn ìbú rẹ̀, ó rí i pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà ọgbà kọjá. Ọjọ́ náà ni àwọn tó ni téèpù méjèèjì kọ́kọ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan.

Kò-Sí-Wàhálà wá ti ẹ̀kẹta jáde. Èyí kò tóbi, kò sì kéré. Táyà méjì tó nípọn wà níwájú, ẹ́ńjìnnì ló ń yí wọn; abẹ wà lẹ́yìn táyà, lábẹ́ ìbòrí irin. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣíná rẹ̀ bíi mọ́tò, kò sí okùn tí èèyàn yóò máa fà títí èjìká yóò fi yẹ̀. Ó lè fi ẹ̀yìn rìn. Bí ọwọ́ bá sì ti kúrò lára irin kan báyìí, yóò kú fúnra rẹ̀.

"Táyà ló ń gbé e lọ, Màmá, abẹ á máa tú ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn," ó ní. "Ẹ má tì í, ẹ má fà á. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé e."

Ìyá ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Ó ń wọn ọwọ́ ẹ̀rọ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tú koríko tó bá wé mọ́ abẹ. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó nà ró.

"Ẹ bá mi gbé e dé ilé ná. N kì í wọn aṣọ ẹnì kan sára ẹlòmíràn. Ilẹ̀ tèmi ni kó ti fi ara rẹ̀ hàn."

"Kò sí wàhálà."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri ọgbà, níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo láti ògiri dé ògiri. Bíríkìlà gun òkìtì yanrìn rẹ̀, ó jókòó lé e bí adájọ́. Ìyá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ dún, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tì í.

Bẹ́ẹ̀ ni, títì ló ń tì í. Ẹni tí ọkọ́ ti mọ́ lára kò gbà pé ohun mìíràn lè bá òun ṣiṣẹ́. Bí táyà bá fẹ́ lọ, Ìyá á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ yà díẹ̀, á fà á padà tipátipá. "Ẹ má tì í, Màmá," Kò-Sí-Wàhálà ní. "Mo gbọ́," Ìyá ní, ó sì ń tì í lọ. Kó tó dé ìdajì ọgbà, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rán an létí ọjọ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lára irin. Ẹ̀rọ kú.

Kò-Sí-Wàhálà kọjú sí ewé tòmátì, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá wo ògiri iwájú, ó jìnnà. Ó wo òkìtì yanrìn, ìyẹn sún mọ́ tòsí. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i sí omi náà. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ti borí, kó ṣáà ti dákẹ́ ló kù.

"Màmá," Bíríkìlà ní látorí yanrìn, "ẹ ń fa aṣọ."

Ìyá yíjú padà. "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ń fa aṣọ. Ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ, ẹ kàn máa tọ́ ọ sọ́nà."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá gan-an ni. Kí ọmọ yìí tó sá lọ bá àwọn bíríkìlà, Ìyá ti gbìyànjú láti kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá fi sábẹ́ ẹ̀rọ fún un ló máa ń fà, abẹ́rẹ́ á dá, Ìyá á sì fi rúlà kàn án léèékánná, á ní: "Má fa aṣọ. Ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ, ìwọ kàn máa tọ́ ọ sọ́nà." Kò sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ títí dé ọjọ́ ìgbòmìnira.

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dẹ èjìká. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì fi ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni fọwọ́ lé aṣọ tó ń yọ̀. Táyà gbéra, abẹ ń kùn lẹ́yìn, ilẹ̀ dúdú ń tú jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ń rìn tẹ̀ lé e, ó tọ́ ọ díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó gbà. Kò pẹ́ tó fi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri iwájú, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Kò-Sí-Wàhálà pàtẹ́wọ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì rẹ̀, ó ń gbọn ṣòkòtò.

"Kí ni kí n wá fi yanrìn yìí ṣe báyìí?"

"Ẹ̀rọ mi kò gbọdọ̀ sun ìta," Ìyá ní. "Kọ́ ilé fún un."

Ni wọ́n bá tún fa téèpù yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹ̀rọ náà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, ìyá dúró nídìí abẹ.

"O mọ̀ pé bí o bá ti dákẹ́, ìwọ lo borí," Ìyá ní.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Bíríkìlà kò gbójú sókè. "Ọjọ́ tí mo bá yín nílẹ̀ yẹn, ẹ̀rín lẹ ń rín. Ẹ̀rù kò bà yín. Lónìí tí ẹ wo yanrìn mi, mo rí ẹ̀rù lójú yín. N kò rí i níbẹ̀ rí."

Ìyá fi etí aṣọ nu imú.

"Di téèpù yẹn mú dáadáa," ó ní. "O tún ti ń fà á."